Tí ọdún bá lọ tán, kí ni ẹranko yóò jẹ?

Ní Kumasi, tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ènìyàn máa ń lawọ́. Ìjọ á gbé páálí sẹ́nu ọ̀nà kí olúkúlùkù lè fi ohun tó bá ní síbẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ilé ẹ̀kọ́ á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìrẹsì tàbí mílíìkì wá fún àwọn arúgbó. Àwọn òṣìṣẹ́ á dáwó jọ láti fi kí àwọn tó wà ní ọsibítù. Láti Kejetia títí dé Adum, èrò á máa gbá ara wọn, oníkálukú á máa kí ẹnìkejì rẹ̀ pé “Afehyia pa”, èyí tí í ṣe ẹ kú ọdún lédè wọn.

Láàárín gbogbo èyí, ẹnì kan lè dìde kó ní òun fẹ́ gba ìdáwó fún ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko lábúlé. Àwọn kan á fi ṣe ẹ̀rín. Wọ́n á ní ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ta ló ráyè ẹranko? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a ó sì dáhùn rẹ̀ kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ gba ìdáwó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: tí ẹ̀bùn ọdún bá tán ní oṣù Kìíní, kí ni àwọn ẹranko náà yóò jẹ ní oṣù Kejì?

Ọdún ènìyàn, ìnira ẹranko

Àsìkò tí a ń yọ̀ yìí gan-an ni nǹkan máa ń le fún ọ̀pọ̀ ẹranko. Ní Ghana, òfin kò gba ọdẹ láyè láti pa ẹran igbó láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, kí àwọn ẹranko lè ráyè bímọ, kí wọ́n sì tọ́ ọmọ wọn. Ọ̀yà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní akrantie, nìkan ni òfin yọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ wò ó báyìí: ọjọ́ tí òfin yìí tú ọdẹ sílẹ̀ ni gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹran tí wọn yóò fi ṣọdún.

Ìyá ọ̀bọ tí ọdẹ bá yìnbọn pa lè ní ọmọ mọ́ra. Ẹran ara ọmọ náà kò tó ohun tí wọ́n ń gbé ka iná, nítorí náà wọ́n á so okùn mọ́ ọn nídìí, wọ́n á sì tà á bí ohun ìṣeré. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà máa ń gbà. Tacugama, nítòsí Freetown ní Sierra Leone, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, ń tọ́ àwọn ọmọ ìnàkí tí wọ́n ti pa ìyá wọn. Bákan náà ni àjọ Pandrillus ń ṣe fún irú ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní drill ní Ìpínlẹ̀ Cross River, nílẹ̀ wa níbí. Ìnàkí tó bá rí ìtọ́jú tó dára lè lò ju ogójì ọdún lọ. Ẹni tó bá gba ọmọ ìnàkí kan lónìí ti gba bùkátà ogójì Kérésì.

Ti àwọn ajá náà tún wà níbẹ̀. Etí ajá mú ju etí ènìyàn lọ dáadáa, nítorí náà, bángà tí àwọn ọmọ ń yìn lálẹ́ ọdún máa ń dà bí ogun létí wọn. Òmíràn á já okùn, á fo ògiri, á sì sá lọ títí tí kò fi ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n rà fún ọmọdé ní ẹ̀bùn ọdún, tí wọ́n sì tì síta nígbà tí wọ́n dàgbà, tí oúnjẹ wọn sì ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní London, Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní ọdún 1860 fún àwọn ajá tó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa. Ní ọdún 1871 ni wọ́n gbé e lọ sí Battersea, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní. Ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Dogs Trust lónìí bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ará Britain pé ẹni tó bá gba ajá ní Kérésì, kó mọ̀ pé òun ti gbà á di ọjọ́ alẹ́ ajá náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, wọn kò tíì dẹ́kun ìkìlọ̀ náà, torí pé àwọn ènìyàn kò tíì dẹ́kun ìwà náà.

Abọ́ oúnjẹ mélòó?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilé ìtọ́jú kan lábúlé ní ajá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Abọ́ oúnjẹ 40 nìyẹn ní ọjọ́ kan. Ní oṣù Kejìlá, ó di abọ́ 1,240. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, abọ́ 14,600 ni. Àbẹ́rẹ́ àjẹsára kò sí níbẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni oògùn aràn, ọṣẹ, omi, owó oṣù ẹni tó ń gbálẹ̀ àti epo ọkọ̀ tó ń gbé dókítà ẹranko wá láti ìlú kò sí níbẹ̀.

Ká wá sọ pé àánú ṣe gbogbo ìlú, tí wọ́n sì gbé oúnjẹ oṣù Kejìlá wá pátápátá. Abọ́ 13,360 ló ṣì kù. Tí ẹ̀bùn náà bá tilẹ̀ pọ̀ kọjá oṣù kan, ibo ni wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí? Àgbàdo a máa lu, eku a máa wọ inú àpò, èso kì í dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú fi máa ń yó ní Kérésì, tí wọ́n á sì máa fi gbèsè ra oúnjẹ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí ẹ̀bùn gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà kò bá bí inú ṣe ń ní kí ènìyàn àti ẹranko jẹun mu.

Kumasi fúnra rẹ̀ mọ bí àlejò ẹranko ṣe ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọgbà ẹranko ìlú náà kò jìnnà sí Kejetia. Ìgbìmọ̀ Asanteman ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1951, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà tó ṣòwò ní Kumasi kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn wálé ní ìparí ọdún 1969 lè rántí ọgbà náà àti ọ̀wọ́ àdán tó máa ń so rọ̀ lórí igi ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ààrẹ tuntun síbi tí ọgbà ẹranko Accra wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko ibẹ̀ ni wọ́n kó wá sí Kumasi. Ilé ti yí padà fún wọn, ṣùgbọ́n ikùn wọn bá wọn wá. Ẹni tó gbà wọ́n ló gba bíbọ́ wọn.

Ìlú méjì tí ẹdun sọ di ìbejì

Tí a bá gba ọ̀nà àríwá láti Kumasi, lọ sí apá Techiman àti Nkoranza, a ó dé ìlú kékeré méjì tó fara kan ara wọn, Boabeng àti Fiema. Igbó tó yí wọn ká kò tóbi, ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀bọ méjì ń gbé inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Oríṣi kan ni mona, tó máa ń wọ àgbàlá àwọn ènìyàn láti wá ohun tí yóò jẹ. Èkejì ni ẹdun, dúdú tó ní ìrù funfun gígùn. Orí igi ló fẹ́ràn jù, ewé ló sì ń jẹ jù. Àwa Yorùbá kò ní láti béèrè ohun tí ẹdun jẹ́. Orúkọ rẹ̀ la fi ń ki àwọn ìbejì wa, ọ̀pọ̀ ìdílé tó bí ìbejì ni kì í jẹ ẹran ọ̀bọ títí di òní. Oríṣi ẹdun tó wà ní Boabeng-Fiema yìí ti wà lára àwọn tí àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tó fẹ́ run láyé, kà sí èyí tí ewu ìparun rẹ̀ le jù.

Báwo ni wọ́n ṣe wá pọ̀ ní ìlú méjì yìí? Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọmọ òrìṣà ìlú ni àwọn ọ̀bọ náà. Daworo ni òrìṣà Boabeng, Abujo ni ti Fiema. Tí ọ̀bọ bá kú, wọ́n máa ń sin ín bí ènìyàn, itẹ́ òkú wọn sì wà nítòsí ibi tí wọ́n sin àwọn àwòrò sí.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ nìkan kò tó. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1974, àwọn kan tí ẹ̀sìn tuntun ti sọ fún pé ọ̀bọ kì í ṣe ọmọ òrìṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Àwọn ará ìlú kò kàn jókòó kí wọ́n máa ṣépè. Wọ́n lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó, wọ́n ní kí wọ́n gba àwọn. Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Nkoranza ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀bọ ní agbègbè ìlú méjèèjì. Báyìí ni ohun tí òrìṣà ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí òrìṣà àti òfin jọ ń ṣọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó wọlé. Àlejò tó bá wá wo àwọn ọ̀bọ náà ń san owó ìwọlé, apá kan nínú owó yẹn sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn ìlú. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Calgary ní Kánádà ti ń ṣèwádìí lórí àwọn ẹdun náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe pé kò sí wàhálà o. Àgbẹ̀ tí ọ̀bọ bá jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò lè bínú yìnbọn sí i. Àdánù náà di tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ náà pẹ̀lú ń dáwó, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Oko wọn ni wọ́n fi ń dá a, oṣù méjèèjìlá ni wọ́n sì fi ń dá a.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ẹ̀bùn ọdún ló mú ẹdun Boabeng-Fiema yè. Ètò ló mú wọn yè: èèwọ̀ tí kò sinmi, òfin tó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, àti owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ẹ sọ páálí ọdún di èsúsú

Ọ̀nà tí a ó gbà kò ṣàjèjì. Àwọn ará Ghana ní susu, àwa náà ní èsúsú, ohun kan náà ni. Ẹni tí kò lè mú owó ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń mú kékeré sílẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lóṣooṣù, ẹni tó ń kó o jọ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ìdáwó fún ilé ẹranko lọ́dún yìí lè lo ọdún gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Lára páálí tó gbé sẹ́nu ọ̀nà ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, kó fi ìwé kan síbẹ̀. Ẹni tó bá mú àpò ìrẹsì kan wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó lè máa fi ohun kékeré ránṣẹ́ lóṣooṣù. MoMo, owó orí fóònù, ti mú un rọrùn ní Ghana. Lọ́dọ̀ wa, ilé ìfowópamọ́ lè máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ènìyàn 30 tó ń san owó oúnjẹ ajá kan fún ọjọ́ kan lóṣù ti bọ́ ajá náà dé ìparí oṣù. Èyí sàn ju ọlọ́lá kan tó wá ya fọ́tò lọ́jọ́ Kérésì, tí a kò sì rí mọ́ títí Kérésì mìíràn.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún:

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí ilé ìtọ́jú náà. Ẹ béèrè bóyá ìjọba mọ̀ ọ́n, dókítà ẹranko wo ló ń wá síbẹ̀, àti bóyá orúkọ ilé náà ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì tàbí orúkọ ẹnì kan. Tí wọ́n bá ń ra ẹranko tàbí tí wọ́n ń tà á, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ má kó ohun tó bá wù yín lọ. Ghana jẹ́ ilẹ̀ kòkó, ṣokoléètì sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀bùn ọdún, ṣùgbọ́n ṣokoléètì lè pa ajá. Àlùbọ́sà kò dára fún un, eegun adìẹ sísè sì lè ya á nífun. Aṣọ àgbà, táwẹ̀lì àti ìwé ìròyìn àtijọ́ wúlò fún ibùsùn. Ọṣẹ àti oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nílẹ̀ máa ń tètè tán.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín bọ́ ọ̀bọ. Èyí tí ọwọ́ ènìyàn bá ti mọ́ lára á bẹ̀rẹ̀ sí í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì lè géni jẹ. Àrùn tiwa náà a sì máa ràn wọ́n.

Ẹ má ra ọmọ ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lójú títì nítorí àánú. Owó tí ẹ bá san ni ẹni náà yóò fi ra ọta ìbọn míràn. Ẹ fi tó àwọn tó ń bójú tó ẹranko igbó létí. Ní Ghana, Àjọ Tó Ń Bójú Tó Igbó ló ni iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ jíhìn. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ kọ iye tó wọlé àti ohun tí ẹ fi rà sí ojú ìwé kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Ẹni tó rí ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí kì í pẹ́ mú òmíràn wá.

Ẹni tó ní ènìyàn la kọ́kọ́ ń bọ́

Ó kù ká dá àwọn tó fi wá rẹ́rìn-ín lóhùn. Wọ́n ní ebi ń pa ọmọ ènìyàn. Òótọ́ ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ oúnjẹ lẹ́nu ọmọ aláìlóbìí fún ajá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá àti ti ọmọ kò jìnnà síra wọn tó bí wọ́n ṣe rò.

Gbogbo wa la mọ ajá dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dọọdún láyé, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ń pa jù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá kó o, ara ajá ni nǹkan bí 99 ti kó o. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà ní agbègbè kan lábẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní lè ràn ká mọ́. Kumasi ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko tirẹ̀ ní Yunifásítì KNUST, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà. Ilé ìtọ́jú tó kó ajá ìgboro jọ, tó fún wọn lábẹ́rẹ́, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n máa bímọ kiri, ọmọ aládùúgbò ló ń dáàbò bò. Owó àbẹ́rẹ́ tí ẹ bá fún un, owó ọmọ ni.

Ní ti ẹ̀sìn, kò sí èyí tó ní kí a gbàgbé wọn. Àwọn Mùsùlùmí mọ ìtàn ẹni tí Ọlọ́run foríjì nítorí pé ó fi bàtà rẹ̀ pọn omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn Kristẹni náà mọ̀ pé ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, yálà ní Kumasi, ní Ìbàdàn tàbí ní London, kó má tíì ra páálí. Kó kọ́kọ́ pe ilé ìtọ́jú tó fẹ́ ràn lọ́wọ́ lórí fóònù, kó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Kí ló máa ń kọ́kọ́ tán lọ́dọ̀ yín ní oṣù Kejì?” Ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni kó kọ sára páálí náà, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.